Físà àbẹ̀wò fún ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà: bí ti àbúrò mi ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin

Wọ́n kọ̀ láti fún àbúrò mi obìnrin ní físà Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n sì fún un ní 2024. Ọkọ kan náà ló ní, ilé kan náà n'Íbàdàn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, owó tó wà ní báǹkì ẹ̀ gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ò ju ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù àti ìdáhùn kan níwájú fèrèsé lọ. Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń gbọ́ táwọn èèyàn ń gba obìnrin tó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn pé kó lọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò tíì lọ́kọ, àwọn míì á tún ní kó fọkàn balẹ̀, pé tí ọkọ ẹ̀ bá ti ní pásípọ́ọ̀tì búlúù wọ́n á kàn lu físà náà fún un ni. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì, ti àkọ́kọ́ yẹn sì lè ba ayé èèyàn jẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú ọmọ Amẹ́ríkà tí ọkọ ẹ̀ jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ fẹ̀yìn tì. Houston ní Texas ni wọ́n bí i sí, nígbà tí bàbá ẹ̀ ń kàwé níbẹ̀ láyé ìgbà tí owó epo pọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń lọ sókè òkun lọ gba dìgírì. Ẹni tí wọ́n bá sì bí sórí ilẹ̀ wọn ọmọ wọn ni, àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, láti 1868 ló ti wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá wọn kó gbogbo ilé padà sí Ìbàdàn, Ìbàdàn ló ti lọ sílé-ìwé, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́ dòní. Ó máa ń tún pásípọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà ẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ní ti Nàìjíríà náà torí pé ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀. Irú wọn pọ̀ nílẹ̀ wa ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ, ẹ lọ béèrè láàárín àwọn tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí, ẹ máa rí wọn.

Nǹkan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ méjèèjì tí àbúrò mi bí fún un kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Òfin wọn ni pé tí ọmọ Amẹ́ríkà bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, tí wọ́n wá bímọ sílẹ̀ òkèèrè, òbí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà yẹn gbọ́dọ̀ ti gbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán kí wọ́n tó bí ọmọ náà, méjì nínú ọdún márùn-ún yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tó kúrò níbẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin, níbo ló ti fẹ́ rí ìyẹn? Nítorí náà pásípọ́ọ̀tì aláwọ̀ ewé làwọn ọmọ ní bíi ti ìyá wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ ẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ físà wá. Ọmọbìnrin yẹn náà, Houston ni wọ́n bí i sí, àmọ́ òun padà sọ́hùn-ún lẹ́yìn yunifásítì, nígbà tó yá ó fáìlì fún màmá wọn, ìyẹn ni pé ó kọ̀wé síjọba kí màmá lè wá máa gbé níbẹ̀, torí ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lè mú òbí ẹ̀ wá, màmá sì ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ látìgbà náà. Àbúrò mi ni ìyàwó ilé tó dàgbà jù nínú ẹbí yẹn, ẹ̀yin náà mọ bí ìnáwó wa ṣe ń rí, kò ṣeé ṣe kó jókòó sí Bódìjà kó máa wo ìgbéyàwó lórí WhatsApp kí wọ́n sì máa béèrè pé ìyàwó wa dà. Wọ́n san owó físà, 160 dọ́là ni nígbà yẹn, ní June 17, 2023 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 185. Déètì ìntáfíù ní Lagos jìnnà gan-an nígbà yẹn torí èrò tó ti wọ́ jọ látìgbà kòrónà.

Ẹ̀jẹ́ǹtì kan ló bá a kọ fọ́ọ̀mù. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn sọ ni pé kó kọ ọ́ pé òun ò lọ́kọ, pé tí wọ́n bá ti rí ọkọ ọmọ Amẹ́ríkà wọ́n á mọ̀ pé ó ń sá lọ ni. Àbúrò mi pè mí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe." Mo ní kó má dán an wò. Òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, apá 212(a)(6)(C)(i), sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí ohun tó ṣe kókó kó lè rí físà gbà, wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé ni, kì í ṣe ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọdún mẹ́wàá. Ọ̀nà àtitọrọ àforíjì wà lóòótọ́ àmọ́ ó le, o gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà tó kọjá ti gbogbo ayé máa jẹ ọkọ rẹ tàbí òbí rẹ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tó ní gíríìnkáàdì, ìwé àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀. Ẹ tún wo ibi tọ́rọ̀ náà burú sí: lọ́jọ́ tí ọkọ yẹn bá wá pinnu pé òun fẹ́ fáìlì fún ìyàwó òun, fọ́ọ̀mù àtijọ́ tó sọ pé kò lọ́kọ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á kàn gbé e síta pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó tó ní déètì tó ti pẹ́ jù ú lọ. Irọ́ tí wọ́n ní kó pa kó lè lọ ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá ló máa dínà ìgbà tó bá fẹ́ lọ gbé níbẹ̀. Ṣé ó yẹ kéèyàn máa gbowó lọ́wọ́ obìnrin ilé kan kó sì máa fún un nírú ìmọ̀ràn yẹn?

Ó kọ̀, ó ní kí ẹ̀jẹ́ǹtì kọ ọ́ pé òun lọ́kọ, kó kọ orúkọ ọkọ òun síbẹ̀. Ẹ̀jẹ́ǹtì kọ ọ́. Àmọ́ DS-160, ìyẹn fọ́ọ̀mù físà náà, tún máa ń béèrè ibi tí ọkọ ń gbé, ó sì máa ń gbé ìdáhùn mélòó kan kalẹ̀ kéèyàn mú nínú ẹ̀: àdírẹ́sì ilé rẹ náà ni, tàbí àdírẹ́sì ẹni tó o fẹ́ lọ bá ní Amẹ́ríkà náà ni, tàbí ibòmíì. Ẹ̀jẹ́ǹtì mú ti Amẹ́ríkà. Lójú tiẹ̀, ọkọ ẹ̀ ṣáà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, níbo ló tún fẹ́ máa gbé? Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ó ní ìbátan tó sún mọ́ ọn ní Amẹ́ríkà, ó tún kọ ọkọ síbẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù àbúrò mi ṣe wá di ti obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń gbé ní Houston nìyẹn, tó sì fẹ́ lọ bá a pẹ̀lú físà ọlọ́jọ́ díẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò ka fọ́ọ̀mù náà tán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Nígbà tọ́jọ́ pé, ó lọ sí kọ́ńsúlétì ní Walter Carrington Crescent, Victoria Island. Ìwé tó kó dání pọ̀: ìwé CAC àti láísẹ́ǹsì fámásì tó ní, ìwé báǹkì, ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ, lẹ́tà ìpè láti Houston. Ọ̀fíṣà ò wo ìkankan. Ó bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe, ó ní ìgbéyàwó àbúrò ọkọ òun. Ó bi í pé kí ni ọkọ ẹ̀ jẹ́, ó ní ọmọ Amẹ́ríkà. Ó bi í pé ṣé ọkọ ti fáìlì fún un, ó ní rárá, àwọn ṣì ń rò ó. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọ̀fíṣà tẹ nǹkan díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó da pásípọ́ọ̀tì padà fún un pẹ̀lú bébà kan tó ní 214(b) lórí.

Àwọn tí wọ́n bá ti fún ní bébà yẹn rí mọ̀ ọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ń sọ. Òfin 214(b) sọ pé gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ físà àbẹ̀wò, kí ọ̀fíṣà gbà pé ó fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀ ni, títí tónítọ̀hún fúnra ẹ̀ á fi jẹ́ kó dá a lójú pé òun ò ní jókòó. Orí ẹni tó ń tọrọ ni ẹrù wà. Kò sí kóòtù tó o lè gbé e lọ, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí iye ọjọ́ tí wọ́n ní kó o dúró, tí nǹkan bá yí padà tàbí tó o bá ní àlàyé tuntun o lè san owó míì kó o padà wá. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà sì ní ìṣòro kan tí àwọn yòókù ò ní: tó bá ti fi físà wọlé bó ṣe tọ́, òfin gbà á láyè kó fáìlì fún gíríìnkáàdì níbẹ̀ láì padà sílé. Ọ̀fíṣà mọ èyí. Torí náà tó bá wo ìwọ ìyàwó, ohun tó ń wá ò ju ìdí kan tó lè mú ẹ padà sílé nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà àtidúró wà nílẹ̀. "A ṣì ń rò ó" ni ìdáhùn tó burú jù tó lè fún un, pàápàá nígbà tí fọ́ọ̀mù ti sọ pé Houston ni ọkọ wà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó yẹn láìsí i níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀ nìkan ló lọ. Inú ẹ̀ ò dùn, ó wá ń rò ó pé bóyá ẹ̀jẹ́ǹtì ló sọ òótọ́. Èmi ló ní kó wọlé padà sórí ìkànnì fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀ ká tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, ká kà á lójú ewé lójú ewé. Ojú ewé ọkọ la dé tá a fi rí Houston níbi tó yẹ kí Bódìjà wà. A tún rí i pé níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnì kan bá a kọ ọ́, ẹ̀jẹ́ǹtì ti kọ rárá síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá kọ DS-160, kó gbà á tẹ̀ jáde kó kà á kó tó jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́, torí orúkọ tiyín lẹ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ́ǹtì.

Ní gbogbo àsìkò yẹn ẹbí ò jẹ́ ká sinmi lórí ọ̀rọ̀ gíríìnkáàdì. Bùrọ̀dá wa kan ń béèrè pé kí ló dé tí ọkọ ẹ̀ ò kàn fáìlì I-130, fọ́ọ̀mù tí ọmọ Amẹ́ríkà fi ń béèrè kí ẹbí ẹ̀ wá máa gbé níbẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ tán síbẹ̀. Ó jọ pé ó rọrùn, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. I-130 tó bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ NVC, ọ́fíìsì wọn tó ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ lọ gbé níbẹ̀ jọ, wọ́n á béèrè I-864, ìwé tí ọkọ fi ń ṣèlérí fún ìjọba pé òun á gbọ́ bùkátà ìyàwó, owó tó ń wọlé fún un tàbí fún ẹni tó bá a dúró gbọ́dọ̀ tó 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kà sí ìlà òṣì níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé Amẹ́ríkà ni ibùgbé òun tàbí pé òun ń kó padà síbẹ̀ nígbà tí ìyàwó bá ń bọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, tó ń gba náírà, tí ò ti ì fáìlì owó orí Amẹ́ríkà rí bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí ọmọ ibẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún un bá ti tó iye kan máa fáìlì níbikíbi tó bá ń gbé, ṣé ọ̀la ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn? Ká tiẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ bọ́ sí i, tí obìnrin bá gba gíríìnkáàdì tó wá padà sí Bódìjà lọ ṣí fámásì ẹ̀, tó lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgba ìwé àyè ìpadà, wọ́n á sọ pé ó ti jù ú nù. Gíríìnkáàdì, ẹni tó fẹ́ gbé níbẹ̀ ló wà fún. Àbúrò mi ò fẹ́ gbé níbẹ̀. Ó ti ná ọ̀pọ̀ ọdún sórí fámásì yẹn, òun ni òfin mọ̀ sí fámásísìtì tó ń mójú tó o, láìsí fámásísìtì tó forúkọ sílẹ̀ wọ́n á tì í pa. Ohun tó fẹ́ ni kó lọ kí ìyá ọkọ ẹ̀ kó sì padà wá bá àwọn ọmọ ẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn fún un pé kó lọ sọ èyí gẹ́lẹ́ bó ṣe jẹ́, torí pé òótọ́ ni, òótọ́ tó sì lágbára ni.

Ìgbà kejì, ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún ìyá ọkọ ló fẹ́ bá lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù, èmi jókòó tì í. Ó kọ àdírẹ́sì ọkọ sí Bódìjà. Ó kọ ìyá ọkọ àti àbúrò ọkọ sí ibi ẹni tó fẹ́ lọ bá. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ láti fún un ní físà rí, ó kọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọdún ẹ̀, ó sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fáìlì I-130 fún un, ó kọ rárá. (Tí ti yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí òfin tó sọ pé ẹni tí I-130 ẹ̀ wà nílẹ̀ ò lè gba físà àbẹ̀wò, ó kàn máa ń le sí i ni, àmọ́ wọ́n ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ.)

Ìwé tó mú dání lọ́tẹ̀ yìí ò pọ̀, àmọ́ ìwé ọkọ wà nínú ẹ̀: lẹ́tà ibi iṣẹ́ ẹ̀ n'Íbàdàn, ìwé owó orí ẹ̀, àti pásípọ́ọ̀tì tó ń fi hàn pé tó bá lọ ó máa ń padà. Gbogbo èèyàn ló máa ń fi ìwé tara ẹ̀ han ọ̀fíṣà pé òun á padà, bẹ́ẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ibi tí ọkọ ń gbé gan-an ni kókó ẹ̀. Tí ọkọ bá wà n'Íbàdàn, ta ni ìyàwó fẹ́ lọ bá jókòó?

Ọ̀fíṣà obìnrin ló bá pàdé. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ lọ rí, ó sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Fọ́ọ̀mù yín àkọ́kọ́ sọ pé Houston ni ọkọ yín ń gbé." Àbúrò mi ní rárá, ẹni tó bá òun kọ ọ́ ló ṣì í, òun ò kà á tán, Ìbàdàn làwọn jọ ń gbé látìgbà táwọn ti ṣègbéyàwó, ìwé iṣẹ́ ọkọ òun rèé. Ọ̀fíṣà gbà á, ó wò ó. Ó wá béèrè èyí tá a ti ń retí, pé kí ló dé tí ọkọ ò fáìlì fún un. Ó ní iṣẹ́ ọkọ òun wà n'Íbàdàn, fámásì òun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ àwọn ń lọ sílé-ìwé níbẹ̀, àwọn ò gbèrò láti kó lọ, tó bá wá dọjọ́ kan táwọn fẹ́ kó lọ, I-130 làwọn máa gbà, kì í ṣe físà yìí. Ọ̀fíṣà bi í pé àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n? Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún yẹn fún un ní ṣókí, ó ní wọn ò bá òun lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n máa wà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún lèmi. Ọ̀fíṣà mú pásípọ́ọ̀tì ẹ̀ sọ́dọ̀, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọdún márùn-ún ni wọ́n lù fún un, torí láti March 2023 ni wọ́n ti sún ti ọmọ Nàìjíríà kúrò ní ọdún méjì sí márùn-ún.

Wọ́n gba Atlanta wọlé. Ọkọ gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú, òun gba ti àlejò, torí físà ò tíì jẹ́ ìwọlé, ọ̀fíṣà tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń pinnu. Ó tún béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dá a lóhùn kan náà, ó fún un lóṣù mẹ́fà bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fẹ́ lò.

Níbi òde ọjọ́ìbí yẹn gan-an, àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ó ti wọlé náà nìyẹn, kí ọkọ ẹ̀ kúkú fáìlì I-130 pẹ̀lú I-485, fọ́ọ̀mù gíríìnkáàdì fún ẹni tó ti wà níbẹ̀, kó jókòó. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní èrò yẹn lọ́kàn kó tó wọlé, tó wá sọ fún ọ̀fíṣà pé àbẹ̀wò lòun bá wá, ó ti parọ́ nìyẹn, àwọn kọ́ńsúlétì sì ní ìlànà pé ohun tó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó o sọ, tó o bá ṣe é láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó o wọlé, wọ́n lè gbà pé o ti gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ní àwọn ọmọ òun ń retí òun. Ó padà kí oṣù tó pé.

Nǹkan ti yí padà látìgbà náà, ẹ má fi ọdún tiẹ̀ wo ti yín. Láti July 8, 2025, ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà ti di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré. Ní December 2025 ni ààrẹ wọn tún fọwọ́ sí ìkéde míì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, ó dá físà àbẹ̀wò àti ti àwọn tó fẹ́ lọ gbé níbẹ̀ dúró, ìkéde June 2025 yọ ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ lọ gbé níbẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ èyí ò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tì orílẹ̀-èdè míì tí ò sí nínú ìkéde náà lè fìyẹn lọ, físà tí wọ́n sì ti lù kó tó di ọjọ́ yẹn, ìkéde náà sọ pé wọn ò ní tìtorí ẹ̀ fagi lé e. Ti àbúrò mi wà lára ìyẹn, ọdún 2029 ló máa parí. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó báyìí, kó kọ́kọ́ lọ ka ìkéde yẹn tàbí kó bi lọ́yà ìwọ̀lú tó ní láísẹ́ǹsì, kó tó gbé owó fún ẹ̀jẹ́ǹtì kankan.